Mo lọ wo ṣọ́ọ̀bù módẹ́lì kíréènì àti katapílà: ẹ bá mi dá sí i kí n tó ra

Apá_Gígùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọjú wo fọ́tò módẹ́lì kíréènì tí ẹ ń gbé síta, mi ò sì tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé nǹkan wọ̀nyí nìkan ni wọ́n ń tà: kíréènì, katapílà, típà ibi ìwakùsà, ẹ̀rọ ìwalẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà. Wọ́n tò wọ́n láti ilẹ̀ kan àjà, àwọn tó wọ́n jù sì wà nínú gíláàsì tí wọ́n tì pa.

Títóbi wọn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Nínú fọ́tò, ojú kan náà ni gbogbo wọn fi ń woni. Ọkàn mi ti wà lára Liebherr LTM 11200-9.1, kíréènì ẹlẹ́sẹ̀ táyà tó ń gbé tọ́ọ̀nù 1200, tí ìlà táyà rẹ̀ jẹ́ 9 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ní kí ẹni tó ń tajà gbé e sílẹ̀ kí n wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa apá ẹ̀ síta. Ó fà á, mo ní ó tó, ó ní kò tíì dé ìdajì. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣírò ẹ̀: apá ti ojúlówó gùn tó mítà 100 bí wọ́n bá fà á tán. Ìwọ̀n 1:50 ni módẹ́lì náà, ìyẹn ni pé ó kéré sí ojúlówó ní ìlọ́po 50. Ẹ pín in sí 50, mítà 2 nìyẹn. Mítà 2! Ibo ni n ó gbé e dúró sí?

Típà Caterpillar 797F wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tó ń kó tọ́ọ̀nù 363 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Táyà ti ojúlówó ga tó nǹkan bíi mítà 4, ti módẹ́lì tó sẹ̀ǹtímítà 8. Mo gbé e, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ dáadáa. Òun ò ní wàhálà gíga, àmọ́ kò ní apá tí èèyàn á máa fà.

Mo jáde láìra nǹkan kan. Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sá lọ sí ìwọ̀n 1:87 kí àyè lè gbà mí ni? Kí sì ni ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń wá bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, yàtọ̀ sí ọ̀dà tó ń dán?

Onímódẹ́lì

Káàbọ̀, àbúrò. Mítà 2 yẹn ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Fọkàn balẹ̀. Bí apá yẹn bá wà ní kíká, mítà 18.3 ni ti ojúlówó, ti módẹ́lì ò pé sẹ̀ǹtímítà 37. Púpọ̀ nínú wa ló gbé kíréènì ńlá kalẹ̀ bí ẹni pé ó ń lọ lójú títì, apá ní kíká, ẹsẹ̀ ní kíká. Pẹpẹ lásán gbà á.

1:87 ńkọ́? Apá mítà 100 yẹn yóò ṣì gùn ju mítà kan lọ, nítorí náà o ò tíì bọ́ nínú wàhálà. Àwọn tó ń to ọkọ̀ ojú irin kékeré ló ni ìwọ̀n yẹn, H0 ni wọ́n ń pè é. Ike ló pọ̀ jù níbẹ̀, ara rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé ó ń kán bí èèyàn bá ń nà án, tó ń ká a. 1:50 ni tiwa. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá fúnra wọn ló máa ń bẹ iṣẹ́ módẹ́lì lọ́wẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn bíi NZG, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nuremberg ní Jámánì lọ́dún 1968, àti Conrad, kí àwọn tó ń bá wọn polówó ọjà lè rí nǹkan gbé kalẹ̀ níwájú oníbàárà. Ta ló fẹ́ wa kíréènì tọ́ọ̀nù 1200 lọ sí ọ́fíìsì ẹni tó fẹ́ rà á? Ibẹ̀ ni àwa aláìríṣẹ́ṣe ti bá wọn, tí a ní kí wọ́n tà fún àwa náà.

Ohun kan tí mi ò ní yé wí: má to ìwọ̀n méjì sórí pẹpẹ kan. Bí katapílà 1:50 bá dúró ti kíréènì 1:87, àwọn méjèèjì ló máa tẹ́.

Bàbá_Kíréènì

Mo kí yín o. Iṣẹ́ kíréènì ni mo fi tọ́mọ, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí mo bá wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, n kì í wo ọ̀dà rárá. Okùn ni mo ń wò.

Ẹ ní kí wọ́n tú ìkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá, tó wà lórí apá, ṣé ó ń yí lóòótọ́, àbí wọ́n kàn gbẹ́ ẹ mọ́ ọn? Èyí tó wà nínú ìkọ́ ńkọ́? Rọ́ọ̀lù tí okùn ń ká mọ́, ṣé ó ní ibi tí a ti ń yí i, ṣé ó sì ń dúró bí ẹ bá jọ̀wọ́ ẹ̀? Kíréènì tí okùn ẹ̀ ò bá rìn, ère ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tò ó bí a ṣe ń tò ó níbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ la kọ́kọ́ ń nà jáde, a ó fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn, a ó wò ó bóyá ó jókòó dọ́gba. Ìgbà náà la tó ń gbé irin ẹ̀yìn lé e, ìyẹn irin wúwo tí kì í jẹ́ kí ẹrù fa kíréènì ṣubú. LTM 11200 tí ẹ ń sọ yẹn, irin ẹ̀yìn ẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 202, ọkọ̀ mìíràn ló sì ń bá a kó o wá síbi iṣẹ́. Bí ìyẹn bá jókòó tán, a ó wá gbé apá nílẹ̀, a ó máa fà á jáde. Bí a bá fẹ́ tú u, àtẹ̀yìnwá ni à ń gbà. Módẹ́lì tó bá dáa ò ní gbà kí ẹ fo ọ̀kankan: ẹ fa apá jáde láìgbé irin ẹ̀yìn lé e, kẹ́ ẹ rí i bó ṣe máa dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ má sì jẹ́ kí tọ́ọ̀nù 1200 tí wọ́n kọ sára páálí pa yín lójú. Mítà 2.5 sí àárín ibi tí kíréènì ti ń yí ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Ní mítà 2.5, ẹrù ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá ti ń jìnnà sí i, tí apá ń gùn sí i, agbára ẹ̀ ń já wálẹ̀ ni. Gbogbo awakíréènì ló ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí: apá tó gùn báyìí, ẹrù tó jìnnà báyìí, ó lè gbé báyìí, má kọjá ẹ̀. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ọ, yóò pariwo, yóò sì dá a dúró.

Akópáálíjọ

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣe é gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà fún yín nídìí ọ̀rọ̀ títò yìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá nà án ni nǹkan kan ń họ. Ọ̀dà tó wà lára apá, níbi tí ọ̀kan ti ń wọnú ìkejì, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ lọ. Gbogbo tèmi wà nínú páálí, fóòmù wọn ò tíì yà, okùn wọn ṣì wà bí wọ́n ṣe ká a láti ilé iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tà, ẹ ó gbọ́.

Apá_Gígùn, níbi tí èmi àti Bàbá ti fẹnu kò nìyí: jẹ́ kí wọ́n ṣí i kó o tó sanwó. Àpò rọ́bà kékeré kan máa ń wà lábẹ́ fóòmù, ẹni tí ò mọ̀ yóò dà á nù mọ́ páálí. Inú ẹ̀ ni ìkọ́ tó kù wà, àti irin pẹlẹbẹ abẹ́ ẹsẹ̀, dígí ẹ̀gbẹ́, àkàbà awakọ̀, ìdè wẹ́wẹ́ àti irin tín-ín-rín tí a fi ń yí rọ́ọ̀lù okùn. Bí àpò yẹn ò bá sí, ìdajì kíréènì lo rà. Ìwé ìtọ́nisọ́nà sábà máa ń ní àwòrán gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o sì tún pa á dé kíákíá.

Bàbá_Kíréènì

Akópáálíjọ, o ní kíréènì tó pọ̀ tóyẹn, o ò sì tíì rí wọn rí.

Akópáálíjọ

Haa, Bàbá! Mo gbà fún yín. Mo ṣì ń ta á ní owó gọbọi.

Màmá_Tinú

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kékeré kan. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún 6, kíréènì ló ń yà lórí gbogbo ìwé tó bá rí. Ṣé mo lè ra irú eléyìí fún un? Mo rí i pé irin ni, ó jọ pé kò ní tètè bàjẹ́.

Onímódẹ́lì

Rárá o, ìyá wa. Ẹ wo ara páálí, wọ́n sábà máa ń kọ 14+ síbẹ̀, wọn ò sì kọ ọ́ ṣeré. Irin ni lóòótọ́, àmọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ àti ìkọ́ kékeré wọ̀nyẹn, ọ̀fun ọmọdé ni wọ́n ń wá. Inú ọmọ náà á bàjẹ́ pẹ̀lú, torí yóò ti kán láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ wá ohun ìṣeré Bruder fún un, 1:16 ni, ike tó nípọn, ẹ lè jù ú sínú iyanrìn. Bó bá dàgbà díẹ̀, LEGO Technic ní Liebherr R 9800, ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ibi ìwakùsà tí wọ́n gbé jáde ní 2019, ẹyọ tó wà nínú ẹ̀ ju 4,000 lọ. Ìyẹn á mú un jókòó.

Màmá_Tinú

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Bruder ni n ó wò. Ẹyọ 4,000, èmi ni màá pààrọ̀ jókòó tò ó.

Síńkì_Ni

Apá_Gígùn, o ní 797F tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ módẹ́lì.

Bí a bá sọ pé nǹkan kéré ní ìlọ́po 50, gígùn ẹ̀ la pín sí 50, ìbú ẹ̀ la pín sí 50, gíga ẹ̀ náà la pín sí 50. Nítorí náà, ìwúwo ẹ̀, 125,000 la máa fi pín in. 797F tó kún fọ́fọ́ wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 623. Bó bá jẹ́ pé módẹ́lì tẹ̀lé òfin, kílò 5 ló yẹ kó jẹ́ pẹ̀lú ẹrù inú ẹ̀. Irin ẹ̀yìn tọ́ọ̀nù 202 tí Bàbá mẹ́nu kàn, kílò 1.6 ló máa jẹ́. Ẹ rí i báyìí pé wíwúwo módẹ́lì kì í ṣe àsọdùn, ẹ̀rọ gan-an ló wúwo bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe irin lásán. Síńkì ni, tí wọ́n fi alumíníọ́mù, mágínísíọ́mù àti bàbà díẹ̀ lú, Zamak lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó ń yọ́ ní nǹkan bíi dígírì 385, ó kéré gan-an sí ti irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi agbára tì í wọnú ohun ìdà, tí ìlà tín-ín-rín ara ẹ̀ á sì jáde ketekete. Nínú ṣọ́ọ̀bù, yí módẹ́lì dojú dé kó o wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe ọ̀lẹ. Bó o bá rí páìpù epo, ẹ̀rọ tó ń yí táyà àti nọ́ńbà tó hàn kedere lábẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ṣe é bọ̀wọ̀ fún ọ. Bó o bá bá ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ìdè mẹ́rin dè, ojú pẹpẹ nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Bó bá jẹ́ módẹ́lì àtijọ́ lo fẹ́ rà, ṣọ́ra. Bí òjé bá bọ́ sínú síńkì nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, àní díẹ̀ ṣíńṣín, ó ń jẹ ẹ́ látinú wá. Ara ẹ̀ á máa wú, á máa là wẹ́wẹ́, á wá di ẹrùpẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti rin ló ti ń yára jù. Kò lóògùn. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló wọ́pọ̀ lára wọn jù, ṣùgbọ́n ẹ yẹ gbogbo ohun tó ti gbó wò: ìlà tín-ín-rín bí irun orí tó ń sá lábẹ́ ọ̀dà ni àmì ẹ̀.

Awoorúkọ

Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀. Demag CC 8800-1, kíréènì ẹlẹ́sẹ̀ ṣéènì tó ń gbé tọ́ọ̀nù 1600: Terex ra Demag lọ́dún 2002, Tadano ti Japan wá gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2019. Nítorí náà, ẹ lè bá ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀ lára ẹ̀, ẹni tó ń tajà á sì fẹ́ kí ẹ gbà pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bucyrus 495, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ṣọ́bìrì ní ibi ìwakùsà, náà rí bẹ́ẹ̀: Caterpillar ra Bucyrus ní 2011, bí ó ṣe di Cat 7495 nìyẹn, tí wọ́n kùn ún ní yẹ́lò. Lára módẹ́lì Caterpillar pàápàá, Norscot ló ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀, Diecast Masters ló wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi ń wá èyí tó ní orúkọ àtijọ́ lára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní wèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀. Kíréènì kan náà lè jáde ní yẹ́lò àti funfun ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó tún jáde ní pupa àti dúdú Mammoet, ilé iṣẹ́ tó ń fi kíréènì gbé ẹrù ńlá. Páálí ló yàtọ̀, owó ló yàtọ̀, púlì inú wọn ò yàtọ̀. Bó ò bá ní ìdí láti fẹ́ràn àwọ̀ ilé iṣẹ́ kan, má sanwó lé e.

Pẹpẹ_Kún

Ẹ̀yin ń jà lórí mítà 2. Èmi fẹ́ Bagger 288, ẹ̀rọ ìwalẹ̀ gàgàrà ibi ìwakùsà. Ọdún 1978 ni Krupp parí ẹ̀ ní Jámánì, tọ́ọ̀nù 13,500, ó gùn ní mítà 220, ó ga ní 96. Ní 1:50, mítà 4.4 ni gígùn, gíga ẹ̀ fi díẹ̀ dín sí mítà 2. Ìyàwó mi ní kí n yàn, òun tàbí Bagger. Mo ṣì ń rò ó.

Síńkì_Ni

Pẹpẹ_Kún, ra 1:200 kó o má bàa sùn síta. Revell ti ṣe ti ìkejì ẹ̀, Bagger 289, ní ìwọ̀n yẹn. Ike tí wàá fọwọ́ ara ẹ tò ni.

Apá_Gígùn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo padà síbẹ̀ lánàá pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi.

Mo ní kí wọ́n tú ìkọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń tajà kọ́kọ́ wò mí, ó ní èèyàn kì í sábà béèrè ìyẹn, ó wá fà mí lọ sẹ́yìn káńtà níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Kíréènì méjì ló gbé kalẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́, púlì orí apá 5 ni mo kà, gbogbo wọn ń yí, mo fi èékánná tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìkejì, a gbẹ́ púlì mọ́ ọn ni, okùn kàn ń họ ara ẹ̀ lórí ike. Bẹ́ẹ̀ ìkejì yẹn ló dán jù nínú gíláàsì! Mo yí i dojú dé, mo bá ike pẹlẹbẹ àti ìdè mẹ́rin tí Síńkì_Ni sọ. Ó jọ mí lójú bí ẹni pé ẹ ti dé ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú mi.

A tún ṣí páálí àkọ́kọ́. Àpò kékeré wà lábẹ́ fóòmù lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ dípò mẹ́rin. Ẹni tó ń tajà ò jiyàn, ó lọ mú páálí mìíràn wá, a kà á, ó pé.

Mo tún bi í pé kí ló dé tí apá kan fi ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé e nílẹ̀. Ó mú irin kékeré kan, ó fún ìdè kan báyìí lára ọ̀pá tó ń ti apá sókè, ni apá náà bá dúró gbọin-in. Ó ní bó bá ti ń yọ̀, èyí ni kí n fún, kí n má fún un jù, kó má bàa họ ọ̀dà ọ̀pá.

LTM 11200 kò bá mi délé. Mo wo mítà 2 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì mọ̀ pé kíká ni yóò wà títí ayé bí mo bá gbé e dé ilé, èmi sì fẹ́ kíréènì tí n ó máa nà. Èyí tí mo rà ni LTM 1050-3.1, ìlà táyà 3, tọ́ọ̀nù 50. Apá ojúlówó jẹ́ mítà 38, tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76. Ó ti wà lórí tábìlì mi báyìí, ẹsẹ̀ ní nínà, irin ẹ̀yìn lórí ẹ̀, apá lókè pátápátá.

Ó ku wàhálà kan. Mo fi okùn sínú púlì bí ìwé ìtọ́nisọ́nà ṣe wí, okùn 4 láàárín orí apá àti ìkọ́. Bí mo bá yí rọ́ọ̀lù láti gbé ìkọ́ sókè, ó ń lọ. Bí mo bá yí i láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, okùn ń tú jáde lẹ́yìn, ó ń lọ́, ìkọ́ ò mira. Kí ló fà á?

Onímódẹ́lì

O kú ọrọ̀ o! Kíréènì tọ́ọ̀nù 50 yẹn, irú ẹ̀ wọ́pọ̀ níbi iṣẹ́. Àwọn ńlá ńlá wọ̀nyẹn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń rí wọn. Ojú rẹ á fi ojúlówó wé tìrẹ nígbàkigbà tó o bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Akópáálíjọ

O ra á, o sì nà án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dùn mí dénú. Ó kéré tán, má ju páálí yẹn nù.

Bàbá_Kíréènì

Ọmọ mi, o káre. O gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ okùn rẹ yìí, àwa náà ní i níbi iṣẹ́ bí ìkọ́ bá ṣófo. Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí okùn 4 bá di ìkọ́ mú, ìdá mẹ́rin ẹrù ni okùn kọ̀ọ̀kan ń rù, ìdí nìyẹn tí okùn tín-ín-rín fi ń gbé ẹrù ńlá. Ṣùgbọ́n a kì í rí ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́: o gbọ́dọ̀ tú okùn mítà 4 kí ìkọ́ tó lọ sílẹ̀ ní mítà 1. Púlì kọ̀ọ̀kan tí okùn gbà kọjá sì ń dì í mú díẹ̀. Níbi iṣẹ́, ìkọ́ fúnra ẹ̀ wúwo, òun ló ń fa okùn náà sọ̀kalẹ̀. Bí a bá fi okùn tó pọ̀ jù sí ìkọ́ tó fúyẹ́, kì í sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ gan-an nìyẹn: ìkọ́ rẹ wúwo gíráàmù díẹ̀, púlì ń dì í mú, okùn ò sì rí ẹni fà á.

Yọ okùn 2 kúrò. Fi 2 sílẹ̀. Kò sí ẹrù tọ́ọ̀nù kankan lórí tábìlì rẹ, 2 tó ọ. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹrù bá fúyẹ́ tí a fẹ́ kí ìkọ́ yá lẹ́sẹ̀.

Síńkì_Ni

Bàbá ti parí ẹ̀. Mo fẹ́ fi kún un pé òwú tí wọ́n fi sínú páálí máa ń ní irun lára, irun yẹn ló ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì. Fa òwú náà gba orí ìda oyin kó o tó fi wọ̀ ọ́, irun á lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní máa lọ́ mọ́. Ẹ̀mú kékeré, èyí tí wọ́n fi ń fa irun ojú, lo máa fi dì í mú. Bí okùn bá ti wà lórí púlì, so nǹkan wúwo díẹ̀ mọ́ ìkọ́ kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó lè nà.

Pẹpẹ_Kún

Eruku ńkọ́? Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àwọ̀ padà.

Onímódẹ́lì

Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀, tó gbẹ, látòkè wá sísàlẹ̀. Má fi aṣọ nù ún, aṣọ á fa dígí àti àkàbà já. Má gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ọ̀dà ẹ̀ á ṣá. Kó o sì fi gíláàsì tàbí bébà tí ò ní àwọ̀ sí abẹ́ táyà: rọ́bà tó rọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ pẹpẹ tí wọ́n fi ọ̀dà tàbí ike bò, bó bá pẹ́ níbẹ̀, á yọ́ mọ́ ọn, á sì fi àpá sílẹ̀. Tó o bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀ bíi ti ojúlówó, táyà ò tiẹ̀ ní kan pẹpẹ rárá.

Apá_Gígùn

Okùn 2, ìda oyin: ìkọ́ ń lọ, ó ń bọ̀! Mo gbé bátìrì rìmóòtù pẹ̀lú ẹ̀ láti òpin tábìlì kan dé ìkejì. Bàbá, bí mo bá yí apá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tí bátìrì sì ṣì wà lókè, ẹsẹ̀ kan ń gbéra díẹ̀ kúrò lórí irin pẹlẹbẹ ẹ̀. Ṣé ó burú?

Bàbá_Kíréènì

Lórí tábìlì, kò burú. Níbi iṣẹ́, ẹ ti máa gbóhùn mi látọ̀nà jíjìn. Sọ apá rẹ kúrú, tàbí kó o gbé e dúró gan-an sí i kí bátìrì lè súnmọ́ ara kíréènì, kó o tó yí i. Kí o sì yí i pẹ̀lẹ́.